Oyè Dára, Ara Líle Dára
Ẹ̀yin ará wa, ọdún 3 sí 4 ni a fi ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìlú Ọba níhìn-ín. Olúwarẹ̀ kò ní ìsinmi ìgbà ooru bí àwọn ọmọ oyè kìíní. Àfi kí ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í tọrọ. Wọ́n ní àyè kò sí. Èmi kò gbà. Ara kì í ṣe òkúta; ohun tí a bá fi ojú oorun kọ lóru, a ó pa á rẹ́ láàárọ̀. Ẹ tọrọ ìsinmi yín, kí ẹ ya Sátidé sọ́tọ̀ fún ayò, ijó àti ìpàdé ẹgbẹ́. Ará ilé ń retí oyè, wọ́n sì ń retí ẹni tí yóò gbé e bọ̀.