Ta ló ní omi ò lọ́tàá? Ẹ bi ata ẹ̀yìnkùlé yín léèrè

Ọ̀rọ̀ ata àti tòmátò lọ́jà kò nílò àlàyé mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kárí Èkó àti Ìbàdàn, ẹ óò rí òṣìṣẹ́ ìjọba, awakọ̀ àti tíṣà tí wọ́n to ike ọ̀dà sẹ́yìnkùlé, tí wọ́n gbin ata, tòmátò àti tẹ̀tẹ̀ sínú ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ nínú nǹkan ọ̀gbìn wọ̀nyí kì í ṣe kòkòrò, kì í sì í ṣe ayé. Ọwọ́ ẹni tó ń bomi rin ín gan-an ni.

Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Màmá kan jí láàárọ̀, ó rí i pé ewé ata òun rọ wọ̀ọ̀. Ó ní, "Háà, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́!" Ó da omi sí i. Nírọ̀lẹ́, ó tún rọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, màmá tún gbé garawa dé. Lọ́jọ́ kẹta, ata kú fin-ín fin-ín. Ni màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo obìnrin tí wọ́n jọ ń gbélé lójú burúkú, ó lóun mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, kí lobìnrin yẹn mọ̀ nípa ikú ata? Omi ló pa á.

Gbòǹgbò ń mí bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń mí. Ihò wínníwínní wà láàrin erùpẹ̀. Omi wà nínú àwọn kan, afẹ́fẹ́ wà nínú àwọn yòókù. Tómi bá kún gbogbo ẹ̀, afẹ́fẹ́ á jáde. Bí ọ́síjìn ṣe ń yára rìn nínú afẹ́fẹ́ fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju bó ṣe ń rìn nínú omi lọ, nítorí náà, kò ní tètè dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò mọ́. Gbòǹgbò tí kò rí èémí mí kò lè fa omi. Bí ata ṣe ń jókòó sínú omi nìyẹn, tí ewé ẹ̀ á sì máa rọ bí ẹni tó wà láṣálẹ̀. Ewé ìsàlẹ̀ á pupa rùsùrùsù, gbòǹgbò á dúdú, á máa rùn.

Ọ̀dá náà ò kéré o. Ewé ní ẹnu wẹ́wẹ́ tó fi ń gba afẹ́fẹ́. Tí omi bá wọ́n, á pa ẹnu náà dé kí omi ara ẹ̀ má baà tán, àmọ́ kò ní lè se oúnjẹ mọ́. Òdòdó á máa já. Àgbàdo tí ọ̀dá bá lọ́wọ́ ìgbà tó ń yọ irun, tó fẹ́ gbọ́mọ pọ̀n, eyín ẹ̀ á ṣe kàtàkàtà. Tòmátò tó ń rí omi lónìí, tí kò rí i fún ọjọ́ márùn-ún, ìdí ẹ̀ lè dúdú kó sì jìn wọnú. Káṣíọ́ọ̀mù tó ń bá omi rìn ni kò dé inú èso.

Àwọn baba wa mọ gbogbo èyí. Kí lẹ rò pé wọ́n ṣe ń kọ ebè fún iṣu? Kómi lè ṣàn kúrò, kíṣu má baà jẹrà ni. Kókò ni wọ́n ń gbìn sí àkùrọ̀, torí kókò gba omi. Ẹ̀gẹ́ lè fara da ọ̀dá, á gbọn ewé dànù, á dúró de òjò. Àmọ́ tómi bá dúró sídìí ẹ̀, ohun jíjẹrà lẹ máa wú.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ lu ìdí ike yín níhò. Kẹ́ ẹ tó bomi rin ín, ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ dé ìdajì. Tó bá tutù, tó lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ gbé omi yín padà sílé. Tó bá gbẹ, ẹ bu omi sí i dáadáa títí tí yóò fi máa jò nísàlẹ̀. Ewé tó rọ lọ́sàn-án gangan, tó tún jí nírọ̀lẹ́, ẹ má bá a jà, oòrùn ni. Èyí tó rọ láàárọ̀ kùtù ló ń ké sí yín. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú erùpẹ̀, omi ò ní tètè fà. Lásìkò òjò, ẹ gbé ike kúrò lábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀.

Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Omi ò lọ́tàá lóòótọ́, àmọ́ ẹ má fi ìfẹ́ rì ata yín pa. Ẹ lọ ti ìka bọ ike yín kẹ́ ẹ tó gba ibi iṣẹ́ lọ lọ́la. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.