Ẹ Fi Gúrúùpù Sílẹ̀ Lọ́jà: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ará Godomey

Láti Cocotomey dé Togbin, ohun kan náà ni ẹ ó gbọ́ bí iná bá ti lọ: ẹni tí òkùnkùn bá sú, kó lọ ra gúrúùpù, ẹ̀rọ amúnáwá tó ń mu epo. Wọ́n ní bátìrì àti ínfátà tó ń sọ agbára bátìrì di iná ilé, ohun olówó ni. Irọ́ ni. Gúrúùpù gan-an ni ohun olówó. Owó rẹ̀ kàn ń jáde díẹ̀díẹ̀ ni, a kì í sì í kà á.

Ẹni tó ra gúrúùpù láyé àtijọ́ kò ṣe àṣìṣe. Ní 1998, omi fà ní ilé iná Akosombo ní Gánà, níbi tí iléeṣẹ́ CEB ti ń ra iná fún Benin àti Tógò, délestage, ìyẹn kí wọ́n máa pa iná ládùúgbò-ládùúgbò, sì gbòde. Gílóòbù kan ṣoṣo nígbà yẹn ń jẹ 60 wáàtì, epo kpayo tó ń ti Nàìjíríà wọlé sì pọ̀ bí omi. Àmọ́ èwo ló kù nínú ìdí wọ̀nyẹn? Gílóòbù LED oní-9 wáàtì ń tàn bíi ti àtijọ́. Láti 2019 ni ilé iná Maria-Gléta II, 127 mẹ́gáwáàtì, ti ń ṣiṣẹ́ ní Abomey-Calavi níbí. Iná iléeṣẹ́ SBEE ṣì ń lọ o, òjò kan lásán ti tó, ṣùgbọ́n wákàtí là ń kà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ní ti epo, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán ní Nàìjíríà. Gbogbo wa la rí ohun tí owó ìgò kpayo dà lẹ́bàá títì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Gílóòbù mẹ́ta, fáànù kan, tẹlifíṣọ̀n kan àti fóònù méjì kò ju nǹkan bí 150 wáàtì lọ. Bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́rin, 600 wáàtì-wákàtí ni. Bátìrì lítíọ́mù 12 fóltì, 100 Ah, á gbé e kọjá wákàtí márùn-ún. Bátìrì òjé tí ìwọ̀n wọn jọ dọ́gba, tí kò yẹ kí a lò kọjá ìdajì, á ti rẹ̀ kí wákàtí mẹ́rin tó pé. Nígbà tí iná bá dé, láti inú wáyà SBEE yẹn náà ni bátìrì á ti gba agbára padà, ohun tó sì jẹ kò ní tó kílówáàtì-wákàtí kan. Ẹ kò nílò páànẹ́ẹ̀lì kankan lórí òrùlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí: wọ́n gbọ́ iye tí sólà odidi ilé ń náni, wọ́n sá, wọ́n sì forí lé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta gúrúùpù. Gúrúùpù kékeré á mu tó lítà méjì láàárín wákàtí mẹ́rin yẹn. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra lítà sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tó wá kan ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti mẹkáníìkì.

“Fíríìjì mi ńkọ́?” Mo mọ̀ pé ẹ ó bi í. Fíríìjì tí a kò ṣí á di òtútù rẹ̀ mú fún bíi wákàtí mẹ́rin. Fírísà tó kún dẹ́múdẹ́mú lè tó ọjọ́ méjì. Àwọn ọmọ tó ń ṣí i wò léraléra ló ń ba ẹja jẹ́. Ẹni tó sì ní gúrúùpù òun ń gbé ohun gbogbo, kó ki áyọ́ọ̀nù bọ gúrúùpù kékeré kó wò ó.

Owó nìkan kọ́ o. Ní àgbàlá tí ayálégbé mẹ́fà ń gbé, èéfín gúrúùpù ojú fèrèsé ẹnìkan ni gbogbo wọn ń fà símú, májèlé inú rẹ̀ kò sì lóòórùn. Kẹ́ẹ̀gì kpayo sì wà lábẹ́ ibùsùn! Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, ibi tí wọ́n ń kó irú epo yẹn sí gbiná ní Sèmè-Kraké, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 30.

Ẹ̀yin tó ń ta ẹja tutù àti ẹ̀yin wẹ́dà, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀. Ẹ lo gúrúùpù yín, kí ẹ gbé e jìnnà sí yàrá. Ẹ̀yin yòókù, ẹ kọ wáàtì ohun tí ẹ ń lò sórí ìwé kí ẹ tó dé ọjà. Ẹ má gbà kí wọ́n ta bátìrì mọ́tò fún yín dípò ti ínfátà. Ẹ má sì gbé bátìrì yín sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí ẹ mọ bí omi ṣe ń wọlé ní Godomey nígbà òjò.