Ọjà Wálẹ̀, Gbèsè Ò Wálẹ̀

Nígbà tí owó gàárì àti ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lọ́dún 2025, inú àwọn tó ń rà á dùn. Wọ́n ní Ọlọ́run ti gbọ́. Àwọn tó ń tà á ńkọ́? Ẹni tó ti kó ọjà ọ̀wọ́n jọ sí ṣọ́ọ̀bù ò lè bá wọn jó.

Ká ní ìyá oníresì kan ní Ìyànà Ìbà yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó fi ra àpò mẹ́wàá ní 90,000 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. 900,000 nìyẹn, èlé ò tíì sí níbẹ̀. Kó tó ṣí àpò kìíní, àpò kan ti di 70,000. Bó bá tà á tán pátá, 700,000 ló máa kó lọ́wọ́. Ta ló máa lọ bá akápò ẹgbẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìrẹsì ti wálẹ̀, ẹ bá mi bu gbèsè yẹn kù"? Ìwé gbèsè ò mọ̀ pé ọjà wálẹ̀.

Àjọ NBS, tó ń ṣírò owó ọjà fún ìjọba àpapọ̀, sọ pé ní oṣù kẹsàn-án 2025, owó oúnjẹ fi ìdá 1.57 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ sí ti oṣù kẹjọ. Àmọ́ téèyàn bá kó gbogbo ọjà pọ̀, tó fi wé ọdún tó ṣáájú, ó ṣì fi ìdá 18.02 lé. Oúnjẹ nìkan ló tíì rẹlẹ̀ yẹn o.

Ìgbà tí gbogbo nǹkan bá jọ ń wálẹ̀, tí kò dáwọ́ dúró, ni wàhálà dé. Oníbàárà á ní, "Kí ni mo ń kánjú sí? Á tún wálẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀." Káfíńtà Okokomáíkò á kan bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, kò ní rẹ́ni rà á, á ní kí ọmọṣẹ́ máa lọlé. Ọmọṣẹ́ tí ò gbowó, kí ló fẹ́ fi ra ìrẹsì lọ́wọ́ ìyá yẹn? Ìrẹsì á tún wálẹ̀.

Irú rẹ̀ ló bá Jàpáànù fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1999, báǹkì àgbà wọn sọ èlé di òdo tán, kí àwọn èèyàn lè yáwó, kí wọ́n ná an. Kò tó. Lọ́dún 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀ lára owó tí àwọn báǹkì bá kó pamọ́ sọ́dọ̀ wọn, bí alájọ ṣe ń yọ ti ọjọ́ kan. Oṣù kẹta 2024 ni wọ́n tó jáwọ́ ńbẹ̀.

Ti Nàìjíríà yàtọ̀. Ọ̀wọ́n gógó ni CBN ń bá jà, ló fi gbé èlé dé ìdá 27.50 ní oṣù kọkànlá 2024. Oṣù kẹsàn-án 2025 ló tó yọ ààbọ̀ kúrò, ó di 27. Iye tí CBN fi lélẹ̀ nígbà náà nìyẹn. Èyí tí báǹkì máa gbà lọ́wọ́ oníṣòwò sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ààbọ̀ tí wọ́n sì yọ yẹn ò kan àpò mẹ́wàá tó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Ìyànà Ìbà.