Ta Ló Ní Wọ́n Ń Ra Máàkì Èdè Jámánì?

Ọ̀rọ̀ tó gbòde lórí WhatsApp báyìí ni pé kò sídìí tí ẹni tó lówó lọ́wọ́ fi ní láti jókòó sí kíláàsì èdè Jámánì. Wọ́n ní àwọn kan ń bá ni “ṣètò” ẹ̀: ẹ fi fọ́tò yín àti ojú ìwé pásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́, ẹ sanwó, kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì sàtífíkéètì ìpele B1 ti délé. Àwọn tó ti sanwó ti káwọ́ lérí. Ìwé tí wọ́n gbé fún ẹlòmíì, ayédèrú pọ́ńbélé ni. Ẹlòmíì ò rí ìwé, kò rí owó, nọ́ńbà tó ń pè ò sì lọ mọ́. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, ẹ ṣì ń béèrè pé ta ló mọ “ẹni tó dájú”. Òdájú lẹ máa rí.

Ó jọ pé ọ̀pọ̀ yín ò mọ bí wọ́n ṣe ń fúnni ní máàkì nínú èdè yìí. Ìdánwò B1 ti Goethe-Institut, ilé-ẹ̀kọ́ èdè Jámánì, tí wọ́n ń ṣe l’Ékòó níbí, ọ̀nà mẹ́rin ló pín sí: kíkà, gbígbọ́, kíkọ àti sísọ. 100 ni máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, 60 ni wọ́n sì fi ń yege. Ọ̀kan kì í bo àṣírí èkejì. Ẹni tó gba 95 nínú kíkà, tó wá gba 52 nínú sísọ, kò tíì yege. Àfi kó padà lọ ṣe sísọ. Inú ìdánwò A1, ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ti ń ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n sábà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí kíkọ, torí ibẹ̀ làwọn akọ́sórí ti ń ṣubú. Wákàtí kan, iṣẹ́ mẹ́ta: lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, nǹkan bí 80 ọ̀rọ̀, èrò yín lórí kókó kan, 80 náà, lẹ́yìn náà lẹ́tà kékeré, bí 40 ọ̀rọ̀, sí ẹni tó yẹ kéèyàn bọ̀wọ̀ fún. Ohun tí ẹni tó ń máàkì kọ́kọ́ ń wò ni pé ṣé iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ yín lẹ jẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tọrọ àforíjì pé ẹ ò ní lè wá sí kíláàsì, tí ẹ wá da lẹ́tà ọjọ́ ìbí tí ẹ ti há sórí sílẹ̀, òdo ni fún iṣẹ́ náà. Òdo! Gírámà inú rẹ̀ ì báà máa dán gbinrin. Ẹni méjì ló sì ń máàkì ìwé kan náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí náà ẹ yéé sọ pé ẹnì kan ló kórìíra yín. Èyí tó tún ń bí mi nínú ni ti ọ̀wọ̀. Jámánì ní du fún ẹgbẹ́ ẹni, wọ́n ní Sie fún ẹni tí a ò lè pè ní “ìwọ”. Ọmọ Yorùbá tó ń kúnlẹ̀ kí tíṣà rẹ̀ ló wá ń kọ du sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nínú ìdánwò!

Sísọ ńkọ́? Ẹ ó jókòó pẹ̀lú ẹnì kan tó ń ṣe ìdánwò bíi tiyín, níwájú olùdánwò méjì. Ẹ ó jọ ṣètò nǹkan kan, bóyá àbẹ̀wò sí aláìsàn. Ẹ ó sọ̀rọ̀ lórí kókó kan. Wọn ó sì bi yín ní ìbéèrè lórí ohun tí ẹ sọ. Ohun tí ẹni tó jókòó tì yín fẹ́ sọ ò sí nínú ìwé tí ẹ há.

Àmọ́ gbogbo ìyẹn ò dùn mí tó gbólóhùn kan báyìí: “Ìwé ni mo kọ́kọ́ nílò, màá gbọ́ èdè náà tí mo bá débẹ̀.” Ta ló kọ́ yín lọ́rọ̀ yìí? Ẹni tó ra láísẹ́ńsì láìwa ọkọ̀ rí, ṣé ẹ óò wọ danfo rẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn? Télọ̀ tó ra ìwé fírídọ̀mù láìkọ́ṣẹ́, ṣé ẹ óò gbé aṣọ òkè ìgbéyàwó lé e lọ́wọ́? Ọmọ kéú tí ò lè ka Fàtíà, ṣé òbí rẹ̀ ń ra màlúù wòlímọ̀? Ó yé yín nínú gbogbo ìwọ̀nyí, àfi ti Jámánì nìkan.

Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, B2 ni wọ́n sábà ń béèrè, ìyẹn sì ga ju B1 lọ. Bí bàbá arúgbó kan bá ní òòyì ń kọ́ òun látìgbà tí òun ti lo oògùn àárọ̀, tí nọ́ọ̀sì wa rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ní “Ja, ja” (bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni), tó tún gbé oògùn ìrọ̀lẹ́ fún un, ta ni yóò jẹ́jọ́ ẹ̀? Ọ̀dọ́ tó ń bá ètò Ausbildung lọ kọ́ṣẹ́ náà ò bọ́ lọ́wọ́ kíláàsì. Bó ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ni yóò máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Èdè Jámánì ni wọ́n ó fi kọ́ ọ, òun náà ni wọ́n ó fi dán an wò. Máàkì tibẹ̀, láti 1 dé 6 ni, 1 ló sì dára jù. (Ẹ má wá gbé 5 yín sí status o, ẹ ti fìdí rẹmi nìyẹn.) Kí ẹ tó débẹ̀ rárá, òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì lè fi Jámánì bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kí gbogbo ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ọ̀ràn ni ayédèrú ìwé lábẹ́ òfin wọn, kì í ṣe ìwà ọgbọ́n.

Àwáwí yín pé tíṣà ń ṣe kèéta, mi ò dáhùn ìyẹn. Pé ojú ọ̀nà ò dáa, ẹ tètè jáde nílé. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti òfo ní láti lo ó kéré tán bíi 350 ìgbà ìkẹ́kọ̀ọ́ oníṣẹ́jú 45 kó tó gbọ́ èdè náà dé B1, ẹlòmíì ń lò tó 600. Ẹ bá mi pín in sí ọ̀sẹ̀ méjì tí ejẹ́ńtì yín ṣèlérí.

Ẹ gba ìwé tí tíṣà máàkì padà, kí ẹ wo ibi tí ẹ ò tíì tó 60, ibẹ̀ sì ni kí ẹ náwó sí. Ilé ìdánwò fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ ta ilẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ pe ọmọ yín lálẹ́ òní, ẹ ní kó kó máàkì sísọ rẹ̀ nínú kíláàsì jáde. Tí kò bá rí i kó jáde, ẹ má tíì ta nǹkan kan.