Fáàfù Tí Ó Jóná àti Ẹ̀tọ́ Ọmọ-Ẹ̀kọ́ṣẹ́

 Ọ̀rọ̀ inú ẹ́ńjìnnì ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì nìkan ni, nítorí pé oúnjẹ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, ìlera àwọn ọmọ wa náà sì wà níbẹ̀.

Ní Abidjan, láti Yopougon dé Abobo, láti Adjamé dé Koumassi, gbákà àti wóró-wóró ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí jẹ́ àlòkù láti ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí wọ́n ń pè ní France au revoir níbí, tí àwọn ará ilé wa ní Nàìjíríà ń pè ní tòkunbọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà, awakọ̀ kò ní rí owó tí yóò kó fún olówó ọkọ̀ lálẹ́, ọmọ ọkọ̀ kò ní rí owó oúnjẹ, mẹkáníìkì a sì di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń kán lójú. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró báyìí ni fáàfù tí ó jóná.

Fáàfù ni ilẹ̀kùn ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan ń ṣí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, èkejì ń ṣí kí èéfín lè jáde. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí ní ìgbà 1,500, èyíinì ni ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Fáàfù èéfín a máa gbóná débi pé ó ń pọ́n bí ẹyín iná. Ìgbà tí ó bá jókòó dáadáa sí ìjókòó rẹ̀ ni ooru náà ń rí ọ̀nà gbà wọ inú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, èyí tí àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ ní èdè Faransé ń pè ní culasse. Bí kò bá ráyè jókòó dáadáa, iná a gba àlàfo náà kọjá, a sì máa jẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí eku ti ń jẹ iṣu.

Ohun tí kì í jẹ́ kí ó jókòó pọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n wọn àlàfo rẹ̀ kéré jù, ó lè jẹ́ èédú, ó lè jẹ́ pé gáìdì ti gbó, ó sì lè jẹ́ pé omi ti tán nínú ẹ́ńjìnnì rí tí tọ́ọ̀pù fi tẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yọ fáàfù tí ó jóná, tí ó fi tuntun sí i láìwá ìdí rẹ̀, àmì àrùn ni ó wò, kò wo àrùn.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ti ń lọ nígbà tí a bá ṣe é bí ó ti yẹ. A ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. A ó tú bátìrì, a ó ro omi kúrò, a ó sì sàmì sí táímìnì kí a tó yọ bẹ́líìtì tàbí ṣéènì rẹ̀. Láti etí ni a ti ń tú bóòtù tọ́ọ̀pù wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a bá ń dì í padà, láti àárín ni a ti ń lọ sí etí. Bí tọ́ọ̀pù bá ti wà lórí pákó, a ó fi irinṣẹ́ tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀, a ó sì yọ àwọn irin kéékèèké méjì tí ó dì í mú. Gbogbo fáàfù tí a ó tún lò gbọ́dọ̀ padà sí ihò tí a ti yọ ọ́. Ẹ lu ihò sára páálí, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sí i.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò. A ó gbé irin tí ó tọ́ lé ojú tọ́ọ̀pù láti mọ̀ bóyá ó ti tẹ̀. A ó wo àárín ìjókòó fáàfù bóyá ó ti sán. A ó mi ọ̀pá fáàfù nínú gáìdì. Bí ó bá ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, fáàfù tuntun kò ní pẹ́ níbẹ̀. A ó fi tuntun wé àtijọ́ ní gígùn, ní sísanra ọ̀pá àti ní fífẹ̀ orí. Nígbà náà ni a ó fi péésìtì lọ fáàfù mọ́ ìjókòó rẹ̀, títí òrùka eérú kan tí kò já níbì kankan yóò fi yí i ká. A ó fọ péésìtì yìí kúrò tónítóní, nítorí pé èyí tí ó bá ṣẹ́kù yóò máa jẹ ẹ́ńjìnnì. A ó fi síìlì tuntun sí i, a ó to gbogbo rẹ̀ padà, a ó sì da kẹrosíìnì sí i láti wò ó bóyá yóò jò. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Sípánà òṣùwọ̀n ni a fi ń di bóòtù, ní ìpele-ìpele, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà ti fi lélẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Níkẹyìn, a ó tún àlàfo fáàfù wọ̀n.

Ẹ kíyè sí i pé bí a bá ti di tọ́ọ̀pù tán, kò sí ẹni tí ó tún lè rí èyí tí a ṣe àti èyí tí a fò. Olówó ọkọ̀ kò lè rí i, awakọ̀ kò lè rí i. Ìmọ̀ àti ẹ̀rí ọkàn ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà nìkan ni ó ń dáàbò bò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ yìí gan-an ni a fi ń du ọ̀pọ̀ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ a lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lábẹ́ ọ̀gá, kí ó máa fọ irin, kí ó máa ra oúnjẹ, kí ó máa ti ọkọ̀. Nígbà tí ó bá kan wíwọn àlàfo, wọn a ní kí ó lọ mú sípánà wá. Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀-ọ́n-jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Ṣùgbọ́n bí alágẹmọ bá kọ̀ láti jó lójú ọmọ rẹ̀, ta ni a ó dá lẹ́bi? Ọmọ tí a kò kọ́ ní ìdí iṣẹ́ kì í ṣe ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́. Alágbàṣe tí a kò san owó fún ni.

Ìmọ̀ iṣẹ́ kì í sì í dúró lójú kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń po òjé mọ́ pẹtiróòlù. Òjé yìí a máa bo ìjókòó fáàfù kí irin méjèèjì má baà máa jẹ ara wọn. Ṣùgbọ́n májèlé ni òjé, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Dakar, ní oṣù Kẹfà 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà pinnu láti yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ọdún 2006 fi bẹ̀rẹ̀. Algeria ni ó kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní 2021. Ohun rere ni. Síbẹ̀, nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí ìjókòó fáàfù rẹ̀ jẹ́ irin tí kò le, fáàfù lè máa rì, àlàfo a tán, fáàfù a sì jóná. Ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ yóò tẹ ìjókòó irin líle sí i. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa pààrọ̀ fáàfù lemọ́lemọ́. Bákan náà, láti ìgbà tí ìjọba Côte d'Ivoire ti ṣe òfin ní oṣù Kejìlá 2017 pé takisí àlòkù tí ó bá ti lé ní ọdún 5 kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, ẹ́ńjìnnì tí ó ń wọ ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọ̀gá fi kọ́ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìlera ńkọ́? Pẹtiróòlù ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń fọ irin láìwọ ìbọ̀wọ́. Benzene wà nínú rẹ̀, èyí tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Àdéhùn 136 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tí wọ́n ṣe ní 1971, kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe iṣẹ́ tí ó kan benzene, àfi bí ó bá ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àbójútó tí ó péye. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lè ní asbestos nínú. Ẹ má ṣe há a ní gbígbẹ, ẹ má sì ṣe fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ fi omi rin ín. Fáàfù èéfín mìíràn ní sodium nínú ọ̀pá rẹ̀. Ẹni kẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e, nítorí pé bí omi bá kàn án, ó lè bú gbàmù. Sípíríǹgì tí ó bá sì ta lè fọ́ ojú ẹni tí kò wọ awò.

A mọ̀ pé ọ̀gá mẹkáníìkì náà kì í ṣe olówó, àti pé olówó ọkọ̀ a máa fẹ́ kí iṣẹ́ parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi di ti ẹgbẹ́. Ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè. Èkíní, kí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àdéhùn tí yóò ka iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ ọ, títí kan iṣẹ́ fáàfù, tí yóò sì sọ ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Ìmọ̀ràn 208 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbà wọlé ní oṣù Kẹfà 2023 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀, ó sì fọwọ́ sí owó fún ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Èkejì, kí awò ojú, ìbọ̀wọ́ àti ohun ìfọ-irin tí kì í ṣe pẹtiróòlù wà ní gbogbo ibi iṣẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá owó jọ ra sípánà òṣùwọ̀n àti irinṣẹ́ fáàfù tí àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké yóò jọ máa lò.

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́, ẹ fún mẹkáníìkì ní àkókò tí iṣẹ́ gbà. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ pe ọmọ iṣẹ́ yín sún mọ́ tọ́ọ̀pù nígbà tí ẹ bá tún ṣí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn àlàfo náà.