Ẹ Yé Fi Àìsí Láàbù Kẹ́wọ́: Wáyà àti Laptop Tó Láti Bẹ̀rẹ̀ Rédíò Ìsàlẹ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gba ìwé ẹ̀rí lọ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Èèyàn lè lo ọdún márùn-ún nídìí ẹ̀kọ́ iná àti ẹ̀rọ, kó mọ ìlànà Maxwell mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí, kó gba A nínú kọ́ọ̀sì áńtẹ́nà, kó sì jáde láìjẹ́ pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìgbì rédíò kan ṣoṣo rí. Bí ẹ bá béèrè ìdí rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni: láàbù kò sí, irinṣẹ́ ti bàjẹ́, ọ̀gá tó ní kọ́kọ́rọ́ kò wá. Ní ẹ̀ka tèmi, irinṣẹ́ kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ti ń wò láti ọdún kìíní. Eruku orí rẹ̀ ti nípọn ju ìwé wa lọ. Mo gbà pé òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ohun tí n kò gbà ni pé ó tó ìdí láti káwọ́ gbera.

Àwọn tó tiẹ̀ fẹ́ ṣe nǹkan nínú wa, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń rí gbà kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí ọmọ ọdún kejì bá béèrè bí òun ṣe lè bẹ̀rẹ̀ rédíò, wọ́n á ní kó lọ ra RTL-SDR, kó ra áńtẹ́nà tó bá a lọ, kó ra èyí, kó ra tọ̀hún. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, àbí? N kò bá RTL-SDR jà. Irinṣẹ́ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ kọjá nǹkan bíi 24 MHz láìsí àtúnṣe, ó sì ń sọ ọmọ náà di oníbàárà kó tó di akẹ́kọ̀ọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. FM tí a ń gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì wà láàárín 88 sí 108 MHz. Ìgbì tí wọ́n ń pè ní LF wà láàárín 30 sí 300 kHz. VLF tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láti 3 dé 30 kHz. Ní 20 kHz, ìgbì kan ṣoṣo gùn tó kìlómítà 15. Ẹ wá wo ohun tó mú kí ibẹ̀ rọrùn fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Sound card laptop yín ń ka ohun tó bá wọlé ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ tó bá sì ń kà báyìí lè rí ìgbì tó dé ìdajì iye yẹn, ìyẹn 24 kHz. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ihò tí ẹ ń ki máìkì bọ̀ láti fi ṣe lẹ́kíṣọ̀ orí Zoom, rédíò VLF ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Áńtẹ́nà nìkan ló kù.

Ibí ni àwọn alátakò máa ń bú sẹ́rìn-ín: áńtẹ́nà kìlómítà mélòó la fẹ́ fà gba orí hóstẹ́ẹ̀lì? Ìdajì ìwé ni wọ́n kà. Ẹni tó fẹ́ ránṣẹ́ ló ni ìṣòro yẹn. Àwọn oní-ham tó ń lo 135.7 sí 137.8 kHz, tí àpérò àgbáyé fọwọ́ sí fún wọn ní ọdún 2007, mọ̀ ọ́n dáadáa: ìgbì tiwọn gùn tó mítà 2,200, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 550. Ta ló fẹ́ gbé òpó mítà 550 nàró? Ẹni tó ń gbọ́ kò ní wàhálà yìí. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, ariwo tó ń ti òfuurufú wá pọ̀ ju ariwo inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ. Bí áńtẹ́nà ńlá bá gba ohùn púpọ̀, ariwo púpọ̀ ló máa gbà mọ́ ọn, ipò tí ohùn wà sí ariwo kò ní yí padà. Áńtẹ́nà kékeré tó bá ti lè gbọ́ ariwo òfuurufú ti tó.

Nítorí náà, ẹ wá igi pẹlẹbẹ, ẹ kàn án ní onígun mẹ́rin, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 1. Ẹ lọ bá àwọn tó ń wé kọ́ìlì fáànù, kí wọ́n ta wáyà kọ́pà tín-ínrín tó ní ọ̀dà lára fún yín. Ẹ wé e yí igi náà ká ní ìgbà 50. Mítà 200 ni yóò gbà, bó bá sì tín-ínrín dáadáa, kò ní wúwo tó ìdajì kílò. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà kúrò ní orí rẹ̀ méjèèjì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń kú, torí ọ̀dà náà kì í hàn sójú. Ẹ so díódù 1N4148 méjì, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, láti orí wáyà kan sí èkejì, kí iná àrá má bàa ba nǹkan jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kapasítọ̀ 1 µF kan sójú ọ̀nà kí wáyà tó wọ ihò máìkì, torí sound card ń fún máìkì ní iná kékeré tí a kò fẹ́ nínú kọ́ìlì. Sound card USB kékeré ni mo fẹ́ràn jù: bó bá jóná, laptop kò kú. Ọ̀fẹ́ ni Spectrum Lab tó ń yàwòrán ìgbì sójú kọ̀ǹpútà. Audacity náà lè ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ pa gbogbo ohun tí Windows ń pè ní enhancement, nítorí iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti pa ohun tí kì í ṣe ohùn èèyàn lẹ́nu mọ́.

Ó wá ku NEPA. Àwọn ará Yúróòpù tó ń ṣe irú nǹkan yìí a máa wakọ̀ jáde kúrò nílùú lọ sínú oko, torí ariwo tí ṣájà, bọ́ọ̀bù LED àti inverter ń pa sórí ìgbì ìsàlẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan kan nílé. Tiwa, wọ́n ń gbé e wá bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí gbogbo hóstẹ́ẹ̀lì sì pariwo "Áà!", kí ẹ yára wo laptop tó ń lo bátìrì: àwọn ìlà tó kún ojú rẹ̀ á pòórá, ohun tó wà lábẹ́ wọn á yọ. Ẹ máa ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Mo mọ̀ pé ohun ẹlẹ́yà ni kí èèyàn máa dúpẹ́ lórí òkùnkùn, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí wa bọ̀, kí a kúkú fi kẹ́kọ̀ọ́.

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún: mànàmáná. Ilẹ̀ olóoru là ń gbé, Áfíríkà sì wà lára ibi tí mànàmáná ti ń kọ jù láyé. Gbogbo ìkọ̀mànà ló ń ju ìgbì VLF síta, nígbà òjò ó lè bo gbogbo ohùn yòókù. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ fi ìgbà ọyẹ́ wá ohùn ọ̀nà jíjìn, kí ẹ fi ìgbà òjò gbọ́ mànàmáná fúnra rẹ̀. Àwọn ìlà òòró tó ń já lójú kọ̀ǹpútà yẹn, àwọn onímọ̀ ń fi wọ́n ṣiṣẹ́: ẹgbẹ́ WWLLN, tí Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà ń darí, ń lo irú ìgbì yìí láti mọ ibi tí mànàmáná ti kọ káàkiri ayé, yunifásítì ló sì ń gba púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn sílé. Àmọ́ bí ojú ọjọ́ bá ṣú lórí yín, ẹ tú wáyà kúrò lára laptop kíákíá. N kò ṣàwàdà.

Kí la fẹ́ gbọ́ gan-an? Ìlà ìbú tó dúró ní 20.27 kHz, láti erékùṣù Tavolara lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sardinia ní Ítálì ló ti ń wá, ti 21.75 láti Rosnay ní Faransé, ti 22.1 láti Skelton ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ológun ni wọ́n ń fi bá ọkọ̀ abẹ́ omi sọ̀rọ̀, nítorí ìgbì gígùn báyìí lè wọ inú omi òkun díẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò kàn wá. Àríwá wa ni gbogbo wọn wà, ní ìkọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, nítorí náà ẹ gbé igi yín dúró kí etí rẹ̀ kọjú sí àríwá. Tí ẹ bá yí i sí ìlà oòrùn, tí ìlà náà sì rẹ̀wẹ̀sì, ilé-iṣẹ́ rédíò lẹ gbọ́. Tí kò bá yí padà rárá, ẹ lọ wo ṣájà ẹni tó ń sùn lókè yín.

Agbára ìlà yẹn la fẹ́ máa kọ sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìpele òfuurufú kan, nǹkan bíi kìlómítà 70 sókè lọ́sàn-án, ló ń dá ìgbì náà padà sí ilẹ̀, oòrùn ló sì ń ṣe ìpele náà. Bí iná bá bú jáde lójijì lára oòrùn, agbára ìlà á yí padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á wá máa rọra padà sípò. Ilé-iṣẹ́ NOAA ti Amẹ́ríkà ń gbé ìwọ̀n X-ray oòrùn tí sátẹ́láìtì GOES ń gbà síta lọ́fẹ̀ẹ́; ẹ lè fi ti yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sáà ẹ̀kọ́ kan péré, pírójẹ́ẹ̀tì ọdún àṣekágbá ti wà nílẹ̀, èyí tí ẹ lè fẹnu ara yín ṣàlàyé níwájú olùdánwò. Ẹ fi wé ẹ̀rọ ṣílẹ̀kùn onífóònù tí ọdọọdún ń rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà, tí wọ́n kàn ń pààrọ̀ orúkọ iwájú ìwé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin náà gbọ́ tiyín. Bánà àti ṣẹ́ẹ̀tì àyájọ́ ẹ̀ka ti pọ̀ tó. Bí ẹ bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, sound card USB mẹ́wàá tó ń ka 96,000 ju bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú laptop àtijọ́ kan tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń dúró, kí ó lè máa kọ ìwọ̀n sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kí ó tó ọwọ́ wa kí oṣù Kejìlá tó dé, torí ní ọ̀pọ̀ ọdún, ní àárọ̀ ọjọ́ 24 oṣù náà, wọ́n máa ń tan ẹ̀rọ Grimeton ní Swídìn, ẹ̀rọ ọdún 1924, kó fi Morse kí aráyé lórí 17.2 kHz. Wáyà àti igi, a máa wá ìyẹn fúnra wa.