Onígbàjámọ̀ ní Ilé Aṣòfin

Orí àga onígbàjámọ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ibẹ̀ náà ni ojú ti tì mí, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín.

Ní Sátidé kan, mo lọ gẹ irun orí mi. Àwa mẹ́rin ni a wà níbẹ̀: onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, télọ̀ tí ìsọ̀ tirẹ̀ kọjú sí ìsọ̀ náà, Ìyá Elélùbọ́ tí ó máa ń pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà, àti èmi tíṣà yín. Onígbàjámọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ so aṣọ funfun mọ́ mi lọ́rùn tán ni ó wí pé òun ń gbèrò láti du ipò káńsílọ̀ àdúgbò wa.

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé abẹ ni ẹ óò máa gbé wọ ilé ìgbìmọ̀ ni, àbí ọṣẹ? Àwọn lọ́yà àti àwọn olówó ni wọ́n ń jókòó níbẹ̀. Kí onígbàjámọ̀ máa fárí, kí télọ̀ máa ránṣọ."

Kí n má purọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbójú sókè, mo rí ojú onígbàjámọ̀ nínú dígí, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ mi lẹ́nu.

Mo wá bi télọ̀ pé, "Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn ènìyàn dúdú méjì tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ní ilé aṣòfin àpapọ̀ ti Amẹ́ríkà, àwọn méjèèjì ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀ rí?"

"Irọ́ o!" ni télọ̀ wí. Onígbàjámọ̀ kò wí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó gbé abẹ kúrò lórí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ máa bá a lọ."

Bí mo ti sọ ọ́ fún wọn ni n óò ti sọ ọ́ fún yín. Ilé méjì ni ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì: Ilé Àwọn Sẹ́nétọ̀ àti Ilé Àwọn Aṣojú. Títí di ọdún 1870, ènìyàn dúdú kan kò jókòó nínú ọ̀kan nínú wọn rí. Ní àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù, ẹrú ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, a ń tà wọ́n, a ń rà wọ́n bí ẹni ra iṣu. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàrin Àríwá àti Gúúsù ní ọdún 1861, ó parí ní 1865, ọdún náà ni òfin sì fòpin sí oko ẹrú. Láti ọdún 1867, àwọn ọkùnrin dúdú bẹ̀rẹ̀ sí dìbò ní Gúúsù. Ní 1868, a kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ pé ọmọ ìlú ni wọ́n. Ní 1870, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ tìtorí àwọ̀ gba ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1870 yìí náà ni Hiram Revels dé. Wọn kò bí i ní ẹrú, ṣùgbọ́n nínú ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ní North Carolina, kí ó tó di àlùfáà àti olùkọ́. Ìpínlẹ̀ Mississippi ni ó rán an lọ sí Ilé Àwọn Sẹ́nétọ̀. Bí ó ti dé ẹnu ọ̀nà, àwọn kan dìde, wọ́n ní òfin wí pé ẹni tí yóò jẹ́ sẹ́nétọ̀ gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ọmọ ìlú fún ọdún 9, bẹ́ẹ̀ ọdún 1868 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ènìyàn dúdú ní ọmọ ìlú. Nítorí náà, ọmọ ọdún méjì péré ni Revels nínú ìlú. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí! Ọkùnrin tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ náà ní 1827! Wọ́n jiyàn títí, wọ́n sì dìbò ní ọjọ́ 25 oṣù kejì. Ẹni 48 ní kí ó wọlé, ẹni 8 ní kí ó má wọlé. Ó wọlé.

Ẹnì kejì ni Joseph Rainey, ọmọ South Carolina. Ẹrú ni wọ́n bí òun ní 1832. Onígbàjámọ̀ ni baba rẹ̀. Owó tí ó ń rí nídìí iṣẹ́ náà ni ó ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ra ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ kúrò lóko ẹrú. Ọmọ gba abẹ lọ́wọ́ baba. Nígbà ogun, àwọn ọmọ ogun Gúúsù fi ipá mú Rainey láti máa ṣiṣẹ́ odi ìlú Charleston. Ní 1862, òun àti ìyàwó rẹ̀ sá lọ sí erékùṣù Bermuda. Ọkọ ń fárí, ìyàwó ń ránṣọ, títí ogun fi parí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1870, ó búra wọ Ilé Àwọn Aṣojú. Nígbà tí ó di 1874, ó jókòó sórí àga olórí ilé ní ọjọ́ kan, ó ń darí ìjókòó àwọn aláwọ̀ funfun tí ó jẹ́ pé irú wọn ni ó ń pè é ní ẹrú nígbà èwe rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ mi fi aṣọ nu abẹ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Owó abẹ ni ó fi ra àwọn ọmọ rẹ̀?" Mo ní, "Owó abẹ ni."

Télọ̀ kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, "Ti télọ̀ ńkọ́?"

Mo ní télọ̀ wà ńbẹ̀. Jefferson Long ni orúkọ rẹ̀, ẹrú ni wọ́n bí i, ó sì ní ìsọ̀ ìránṣọ ní ìlú Macon ní Georgia. Ó wọ Ilé Àwọn Aṣojú ní oṣù kìíní ọdún 1871, kò sì lò ju bí oṣù méjì lọ. Ṣùgbọ́n òun ni aṣojú dúdú àkọ́kọ́ tí ó dìde sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Ó ní kí wọ́n má tètè dá agbára òṣèlú padà fún àwọn tí wọ́n bá ìjọba jagun, nígbà tí àwọn ènìyànkénìyàn ń fi ìbòjú bojú lóru, tí wọ́n ń pa àwọn ènìyàn dúdú ní ilé wọn. Nígbà tí ó padà sí Macon, àwọn oníbàárà rẹ̀ aláwọ̀ funfun pa á tì.

Télọ̀ dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Nítorí pé ó sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Nítorí pé ó sọ̀rọ̀."

Wọ́n kò mọ sí mẹ́ta. Robert Smalls, ẹrú tí ó mọ ọkọ̀ ojú omi í tọ́, jí ọkọ̀ ogun àwọn olówó ẹrú gbé ní òru ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1862. Ó dé àkẹtẹ̀ ọ̀gá ọkọ̀, ó fun fèrè bí ọ̀gá ti máa ń fun ún, ó kó ìyàwó àti ọmọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá níwájú àwọn ìbọn ńlá lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará Àríwá. Ní 1875 ó wọ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Blanche Bruce, tí wọ́n bí ní ẹrú, tí ó sì ti ṣe olùkọ́ rí, ṣe sẹ́nétọ̀ fún Mississippi láti 1875 sí 1881. Láti 1870 sí 1901, gbogbo wọn jẹ́ ẹni 22: sẹ́nétọ̀ 2, aṣojú 20.

Ìyá Elélùbọ́, tí gbogbo wa rò pé èlùbọ́ ni ó ń wọ̀n, gbé orí sókè. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ní títí di 1901. Ta ni ó wá lé wọn jáde?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Kò sí ẹni tí ó wọ ilé aṣòfin lọ fà wọ́n lápá jáde. Mo sọ fún Ìyá Elélùbọ́ pé, "Bí ẹnìkan bá fẹ́ ba ọjà yín jẹ́, kò ní kí ó fọ́ igbá yín. Kí ó sáà dí ọ̀nà tí àwọn oníbàárà yín ń gbà wá. Nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò palẹ̀ mọ́."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é. Wọ́n fi ìbọn àti ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀. Ní 1877, ìjọba àpapọ̀ dẹ́kun láti máa fi ọmọ ogun ṣọ́ àwọn ìjọba Gúúsù. Nígbà tí ó yá, wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀, wọ́n mú kálàmù. Òfin tí Mississippi ṣe ní 1890 ní kí olùdìbò san owó-orí dọ́là méjì lọ́dún, kí ó sì mú ẹ̀rí wá pé òun ti san án fún ọdún méjì. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ bí rísíìtì ti í sọnù! Yàtọ̀ sí èyí, yóò ka apá kan nínú ìwé òfin, tàbí kí ó ṣe àlàyé rẹ̀ bí wọ́n bá kà á sí i létí, àlàyé náà yóò sì tẹ́ akọ̀wé lọ́rùn.

Ìdánwò ni iṣẹ́ mi, ó ti lé ní ọdún 10 tí mo ti ń ṣe é fún àwọn ọmọ. Ìdánwò tí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ikùn olùdánwò, tí ó ti wo ojú ọmọ kí ó tó béèrè ìbéèrè, kì í ṣe ìdánwò. Aláwọ̀ funfun tí kò mọ a yàtọ̀ sí b lè yege. Ènìyàn dúdú tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé lè kùnà. Ní Louisiana ní 1898, wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ pé ẹni tí baba rẹ̀ tàbí baba-baba rẹ̀ bá ti lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ṣáájú 1867 kò ní ṣe ìdánwò rárá. Baba-baba ta ni ó ń dìbò nígbà náà? Kì í ṣe ti ẹrú. Ní ìpínlẹ̀ yẹn, àwọn dúdú tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò jẹ́ 130,334 ní 1896. Nígbà tí ó di 1904, wọ́n ku 1,342.

Ẹni ìkẹyìn ni George White, olùkọ́ àti lọ́yà láti North Carolina, tí ó wọlé ní 1897. Ní 1900 ó gbé òfin kan wá láti fìyà jẹ àwọn jàǹdùkú tí wọ́n ń so ènìyàn rọ̀ láìdé kóòtù. Òfin náà kú síbẹ̀. Ọdún náà ni ìpínlẹ̀ rẹ̀ ṣe òfin ìdánwò tirẹ̀. White mọ̀ pé ọ̀nà ti dí, kò tún du ipò mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1901, ó dìde, ó dágbére fún ilé ní orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé àwọn yóò padà wá. Wọ́n padà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ọdún rẹ̀. Ní 1929 ni Oscar De Priest wọlé láti Chicago ní Àríwá. Ní 1965 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ̀nà ìbò ní Gúúsù, ní 1973 ni àwọn aṣojú dúdú sì tó tún ti Gúúsù wọlé. Ìpínlẹ̀ White fúnra rẹ̀ kò rán ẹlòmíràn títí di 1992. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ tí ó dágbére ti di arúgbó ẹni ọdún 91.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àga aṣòfin kì í ṣe ti ẹni tí ó jókòó lé e. Ẹsẹ̀ àga náà wà ní ilé, lọ́wọ́ àwọn olùdìbò.

Mo rò pé mo ti sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá. Onígbàjámọ̀ tún fi abẹ kàn mí lórí, ó gẹ apá ọ̀tún, ó dá dúró. Ó ní, "Tíṣà, àwọn yẹn, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn ni. Ìwé ìdìbò tiyín dà?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Mo ti forúkọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò lọ gba ìwé náà. Mo ní iṣẹ́ pọ̀, mo ní mo ń máàkì ìwé ìdánwò. Ìyá Elélùbọ́ kò wí nǹkan kan. Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú ìwé ìdìbò tirẹ̀ jáde láàrin owó, ó tún un so padà.

Onígbàjámọ̀ tú aṣọ funfun kúrò lọ́rùn mi. Ó ní, "Apá òsì yóò dúró de ìwé ìdìbò." Mo rò pé eré ni. Kì í ṣe eré.

Fìlà ni mo dé lọ sílé. Ní ọjọ́ Àìkú n kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ọkùnrin kì í dé fìlà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé mo dé fìlà kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, bí a sì ti jáde ni mo gba ọ́fíìsì wọn lọ, mo tò sórí ìlà títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, mo sì gbà á.

Nígbà tí mo padà dé ìsọ̀, mo bá télọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó ń wọn èjìká onígbàjámọ̀ fún agbádá ìbò, ó ní kí ó san ìdajì owó náà sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ wo ìwé mi níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó fi àga hàn mí. Ó gẹ apá òsì. Owó orí odidi ni ó gbà.